Ìfúnpá ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátárátì: ohun tí ẹni tó ní glaucoma gbọ́dọ̀ máa ṣọ́

Ẹni tó ní glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí ìfúnpá inú ojú sì ń dá kún un) tó fẹ́ lọ yọ kátárátì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú, sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó jọ pé ó ta kora. Wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ náà á bá a dín ìfúnpá ojú kù, wọ́n á tún ní kó ṣọ́ra torí pé ìfúnpá lè ṣàdédé ròkè. Òótọ́ ni méjèèjì, ìgbà tí kálukú ń ṣẹlẹ̀ ni kò dọ́gba. Ìgbà méjì ni ríròkè rẹ̀ máa ń wáyé: láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, àti láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà. Wíwálẹ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó hàn, ó lè tó oṣù 2 tàbí 3.

Nínú ìgbà méjì tó ń ròkè yìí, èkejì ló yẹ kó bani lẹ́rù jù. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń dunni, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ará ilé ṣì ń ṣọ́ ojú náà. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá fi máa dé, ojú ò pọ́n mọ́, aláìsàn ti ń ríran kedere, kò sí ohun tó ń dùn ún, ìfúnpá sì ti lè kọjá 30. Èèyàn ò lè fura sí i àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Nọ́ńbà tiyín

mmHg ni wọ́n fi ń ka ìfúnpá ojú. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní àìsàn máa ń wà láàárín 10 sí 21, àmọ́ ẹni tó ní glaucoma ò lè fi 21 yẹn fọkàn balẹ̀. Dókítà máa ń yan ìwọ̀n kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń wò ni bí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ṣe bàjẹ́ tó. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́ lè wà ní 18 kó má séwu. Ẹni tí tiẹ̀ ti bàjẹ́ tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù lè nílò kó má kọjá 12. Ojú tó dá ṣáṣá lè fara da 35 títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ iṣan tó ti ṣẹ́ kù fẹ́ẹ́rẹ́ lè pàdánù nínú ìwọ̀nba tó ní láàárín òru kan.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ìwọ̀n wo lẹ̀ ń lépa fún ojú yìí? Ìwọ̀n wo ló bá dé tẹ́ ẹ máa fẹ́ rí mi lọ́jọ́ yẹn gan-an? Ta ni mo máa pè tó bá di òru?

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Ẹ má dá oògùn glaucoma dúró fúnra yín. Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sójú, ó yẹ kí ojú sinmi oògùn ná. Ohun tíyẹn máa ń dá sílẹ̀ ni pé ìfúnpá á ti ga kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kán an láàárọ̀ ọjọ́ náà bẹ́ ẹ ṣe ń kán an tẹ́lẹ̀.

Oríṣi oògùn méjì ló yẹ kẹ́ ẹ dìídì béèrè nípa rẹ̀. Pilocarpine ń mú kí ọmọlójú sún kì, bẹ́ẹ̀ kó fẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ ń fẹ́, torí náà wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn dá a dúró ṣáájú. Latanoprost, travoprost àti bimatoprost ló ṣe ìkejì. Nínú àwọn èèyàn díẹ̀, wọ́n lè dá kún wíwú awọ ẹ̀yìn ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdí nìyẹn táwọn dókítà kan fi ń dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, táwọn míì sì ń fi í lọ láìdá a dúró. Èyíkéyìí tí dókítà yín bá yàn, ìbéèrè tó kàn ni pé: tí mi ò bá kán èyí mọ́, kí ló máa rọ́pò rẹ̀? Bí kò bá sí ohun tó rọ́pò rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tètè wọn ojú yín.

Ẹ sọ fún wọn bí ìfúnpá ojú yín tàbí ti òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ròkè rí nígbà tẹ́ ẹ lo oògùn steroid, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n kán sójú, èyí tí wọ́n fín símú tàbí èyí tí wọ́n fi pa awọ ara. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí tí ọkàn yín ń lù díẹ̀díẹ̀ jù, torí timolol, oògùn glaucoma kan tí wọ́n ń kán sójú, lè dá ìṣòro ńlá sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí kíndìnrín yín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ ẹ ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, bí oògùn sulfa kì í bá bá yín lára mu tàbí tẹ́ ẹ ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ ro acetazolamide, oògùn tí wọ́n ń gbé mì láti dín ìfúnpá ojú kù, lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fún yín. Ọkùnrin tó ń lo tamsulosin nítorí àìlètọ̀ dáadáa náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́: oògùn yẹn ń mú kí awọ aláwọ̀ dúdú tó yí ọmọlójú ká rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, iṣẹ́ abẹ á le sí i, ojú á sì lè wú sí i.

Bí wọ́n bá ti ṣe trabeculectomy fún yín rí, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń lu ihò kékeré sára funfun ojú kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ yín tún lágbára sí i. Wíwú tí iṣẹ́ abẹ kátárátì ń fà lè mú kí ihò náà jinná pa, ìfúnpá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gorí lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa wo ihò náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ, kí wọ́n má kàn wo nọ́ńbà nìkan.

Ní ti irú lẹ́ǹsì tí wọ́n máa fi sínú ojú, ọ̀rọ̀ kékeré la ní láti sọ. Lẹ́ǹsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀ kí èèyàn lè rí tòsí àti ọ̀ọ́kán láìlo awò máa ń dín bí ojú ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti fẹ́ẹ́rẹ́dú kù. Glaucoma ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì olójú kan la máa mú.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń fa jẹ́ẹ̀lì kan sínú ojú. Jẹ́ẹ̀lì yìí ló ń jẹ́ kí iwájú ojú dúró dáadáa bí wọ́n ṣe ń fọ́ kátárátì tí wọ́n sì ń fà á jáde, òun ló sì ń dáàbò bo ẹ̀yìn awọ iwájú ẹyinjú. Wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ kúrò tí iṣẹ́ bá parí, síbẹ̀ díẹ̀ lè ṣẹ́ kù sẹ́yìn lẹ́ǹsì tuntun. Omi inú ojú á gbé e lọ sí ibi tó yẹ kó gbà jáde, jẹ́ẹ̀lì á dí ibẹ̀, omi á sì máa pọ̀ sí i nínú ojú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wíwú àti ẹ̀rún kátárátì tó kù sínú ojú náà lè ṣe irú ẹ̀ kan náà.

Ìgbà tí ìfúnpá yìí máa ń ga jù ni nǹkan bíi wákàtí 4 sí 7 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú ojú tó dá ṣáṣá, ó sábà máa ń wálẹ̀ fúnra ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ojú tó ní glaucoma ti ní ọ̀nà omi tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, torí náà ó máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 2 tàbí 3. Ẹ wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí: bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ní aago 10 àárọ̀, tí wọ́n wá wọn ojú yín ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbà tó ga jù ti kọjá láti ọ̀sán àná. Bí iṣan ojú yín bá ti bàjẹ́ púpọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó lọ sílé, tàbí kí wọ́n fún yín ní oògùn tó máa bo òru yẹn mọ́lẹ̀.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni acetazolamide, tábúlẹ́ẹ̀tì 250 mg tàbí kápúsù 500 mg tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìka ọwọ́ àti ètè bá ń ta yín ṣín-ín-ṣín-ín, tẹ́ ẹ̀ ń tọ̀ ṣáá, tí ẹlẹ́rìndòdò sì ń dùn lódìlódì lẹ́nu, oògùn ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tí ara bá ń yún yín, tí ooru sú síra yín tàbí tẹ́ ò lè mí dáadáa, ìyẹn kì í ṣe kékeré; ẹ má lo òmíràn mọ́, ẹ sì tètè lọ rí dókítà.

Ìrora wo ló jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ, èwo ló jẹ́ ti ìfúnpá? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọ́pọ̀ kí ojú máa ṣe bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀, kó máa ṣomi, kí ìmọ́lẹ̀ máa ta á. Paracetamol máa ń kápá ìyẹn. Ti ìfúnpá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: ó máa ń wúwo nínú ẹyinjú gan-an, á gba òkè ìpéǹpéjú lọ sí apá orí kan náà, ìríran tó ti ń mọ́ á tún pa dà ṣú, òṣùmàrè á máa yí iná ká, èébì á sì máa gbé èèyàn. Èébì yìí ló máa ń tan àwọn ará ilé jẹ jù. Wọ́n á rò pé oúnjẹ ni, tàbí oògùn ilé ìwòsàn ni kò bá a lára mu, wọ́n á fún un ní oògùn inú, wọ́n á ní kó sùn. Ẹni tó ní glaucoma tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lónìí, tí ojú ń dùn tó sì ń bì, kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n á kọ́kọ́ kán oògùn, wọ́n á lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí abẹ́rẹ́ kún un. Bí ìfúnpá bá ga gan-an, dókítà lè kán oògùn tí ò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora, kó fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, kó wá rọra tẹ etí ojú ihò kékeré tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ kí omi díẹ̀ lè jáde. Lójú ẹsẹ̀ ni nọ́ńbà máa já wálẹ̀. Ó sì lè tún gòkè láàárín wákàtí kan tàbí méjì, torí jẹ́ẹ̀lì tó fà á ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dán títẹ ojú yìí wò nílé.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré mú pilocarpine àtijọ́ látinú fíríìjì torí pé oògùn glaucoma náà ni. Àwọn ìdí kan wà tí ìfúnpá fi ń ga lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pàápàá nínú ojú kékeré tí igun rẹ̀ (ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde) há, tó jẹ́ pé pilocarpine á tún dá kún un ni.

Lálẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè díẹ̀, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sùn, ẹ sì so ike ìbòjú mọ́ ọn bí wọ́n ṣe fi hàn yín.

Kíkán oògùn láìsí pé ó ṣòfò

Tí wọ́n bá ti dé láti ilé ìwòsàn, ìgò lè di mẹ́rin lórí tábìlì: oògùn kòkòrò, steroid, àti méjì ti glaucoma. Ibí yìí ni nǹkan ti sábà máa ń dojú rú, ó sì tọ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ẹ ṣí ìgò oògùn glaucoma tuntun fún ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èyí tó ti ṣí tipẹ́ lè ti ní kòkòrò lẹ́nu, ojú ihò abẹ kò sì tíì jinná. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yẹ kó dilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà kéékèèké yí ìgò ká: rọ́bà kan fún èyí tẹ́ ẹ̀ ń kán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, méjì fún ẹ̀ẹ̀mejì, mẹ́rin fún ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹni tí kò ríran dáadáa lè fọwọ́ kà á lókùnkùn.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí oògùn náà bá jẹ́ prednisolone acetate tàbí brinzolamide, ẹ mì í dáadáa, torí oògùn gan-an máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ẹni tí kò mì í ń kán omi lásán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á wá kán èyí tó ki jù lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ gbórí sẹ́yìn, ẹ fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ láti orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìka má kan ẹyinjú. Ẹ gbé ọwọ́ tó mú ìgò lé iwájú orí kó má bàa gbọ̀n. Ẹ wo òkè, ẹ fún ẹ̀kán kan sínú àpò tó ṣí sílẹ̀ yẹn, kí ẹnu ìgò má kan ìpéǹpéjú. Ẹ pa ojú dé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má ṣẹ́jú, ẹ má dì í pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìka rọra tẹ igun ojú lápá imú, lórí egungun, fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ibẹ̀ ni omi ojú ń gbà lọ sínú imú. Tẹ́ ẹ bá dí i, oògùn á pẹ́ lójú, timolol kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀kán kan tó, torí ojú ò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì á kàn ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Láàárín oògùn kan sí òmíràn, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó kẹ́yìn á fọ èyí tó ṣáájú dànù. Fún ẹni tó ń lo timolol lẹ́ẹ̀mejì àti latanoprost lálẹ́, ọjọ́ kan lè lọ báyìí: aago 7:00 àárọ̀ timolol, 7:05 oògùn kòkòrò, 7:10 steroid. Ní aago 12:00, oògùn kòkòrò, 12:05 steroid. Bákan náà ní 5:00 ìrọ̀lẹ́. Tó bá di 9:00 alẹ́, timolol, 9:05 oògùn kòkòrò, 9:10 latanoprost, 9:15 steroid. Èyí tí wọ́n ń mì ló ń kẹ́yìn torí ó ń pẹ́ lójú ju àwọn tó jẹ́ omi lásán lọ. Bí òróró ojú bá wà, òun ló máa tẹ̀ lé gbogbo wọn.

Ojú kejì ńkọ́? Ó máa ń yani lẹ́nu bí ó ṣe wọ́pọ̀ tó pé kí èèyàn gbájú mọ́ ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún fún oṣù kan gbáko, kí ó gbàgbé pé ojú kejì ní glaucoma tirẹ̀. Oògùn tiẹ̀ kò yí pa dà rárá.

Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà: ọ̀rọ̀ steroid

Steroid ló ń mú kí wíwú rọlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohun kan náà ló ń mú kí ibi tí omi ojú ń gbà jáde le, kó sì máa dá omi dúró. Láàárín gbogbo èèyàn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ìfúnpá rẹ̀ máa ń gòkè dé ìwọ̀n kan tó bá ń kán steroid fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín àwọn tó ní glaucoma, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tí ojú wọn ò rí ọ̀ọ́kán rárá láìlo awò tó nípọn, àtàwọn tí òbí tàbí ọmọ ìyá wọn ní glaucoma náà gbọ́dọ̀ fura.

Prednisolone acetate 1% àti dexamethasone 0.1% lágbára, wọ́n sì ń gbé ìfúnpá ga ju fluorometholone àti loteprednol lọ. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé steroid ń ṣe ojú yín bẹ́ẹ̀, dókítà lè mú èyí tó rọjú, tàbí kó fi oògùn wíwú tí kò ní steroid nínú, bíi ketorolac tàbí nepafenac, ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ bá wọn sọ ṣáájú: abẹ́rẹ́ steroid bíi triamcinolone tí wọ́n ń gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyinjú. Ẹ̀kán ṣeé dá dúró. Abẹ́rẹ́ ti wọlé ná, ó sì lè máa gbé ìfúnpá sókè fún oṣù mélòó kan.

Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀kán 70 nìyẹn lápapọ̀. Ìgò 5 ml máa ń ní ẹ̀kán bí 100, ó kéré tán, nítorí náà ìgò kan tó fún ojú kan. Bó bá tán lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ ń kán jù tàbí ó ń dà sílẹ̀. Bó bá kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tí ojú bá tún pọ́n, ẹ má sì fún ará ilé míì.

Ohun méjì ni kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má ṣàdédé já a kúrò torí pé ẹ gbọ́ pé ó ń gbé ìfúnpá ga, nítorí wíwú tó ti ń rọlẹ̀ lè tún ru sókè. Ẹ má sì ra òmíràn nígbà tí ti ilé ìwòsàn bá tán torí pé ó ń tu ojú lára. Èyí ló ti ba ojú jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tá a kọ síbí. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí oògùn kòkòrò ló ní steroid nínú. Ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò: èyí tó bá parí sí “-sone” tàbí “-lone”, bíi dexamethasone, betamethasone, prednisolone, steroid ni. Loteprednol àti difluprednate náà wà lára wọn bí orúkọ wọn ò tilẹ̀ parí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọjọ́ tí wọ́n á wọn ojú, ìgbà tá a rò pé kò yẹ kó fo ẹni tó ní glaucoma nìwọ̀nyí: ọjọ́ kìíní, ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin nígbà tí steroid ṣì ń lọ, àti lẹ́yìn tí steroid bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní àwọn ibòmíì, wọ́n máa ń dá aláìsàn kátárátì sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní tí kò bá sí ìṣòro. Ẹ rán wọn létí pé ẹ ní glaucoma, kẹ́ ẹ sì gba ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kẹta kẹ́ ẹ tó jáde.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé, torí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ló ń sọ̀rọ̀. Ká ní ìwé kan kà báyìí: ṣáájú iṣẹ́ abẹ 16, ọjọ́ kìíní 27, ọ̀sẹ̀ kìíní 15, ọ̀sẹ̀ kẹta 28. 27 ọjọ́ kìíní jọ ti jẹ́ẹ̀lì, ó sì ti lọ. 28 yẹn tuntun ni, steroid sì ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Tí wọ́n bá dín in kù tàbí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ìfúnpá sábà máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ká wá ní ìwé míì kà pé 16, 27, 26, 27. Èyí kò wálẹ̀ rí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá aláìsàn ti pa dà sórí oògùn glaucoma rẹ̀, torí ó wọ́pọ̀ kí wọ́n dá a dúró fún iṣẹ́ abẹ kí ẹnikẹ́ni má rántí sọ pé kó tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń kán an, dókítà á wá ẹ̀rún kátárátì, wíwú, tàbí ọ̀nà omi tó ti pa.

Kí nọ́ńbà má bàa parọ́

Ẹ̀rọ Goldmann tí wọ́n ń fi orí rẹ̀ kan ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kán oògùn tí ò ní jẹ́ kó mọ ìrora ni wọ́n gbára lé jù. Ẹ má di ìpéǹpéjú pọ̀, ẹ má di èémí mú, ẹ tú ọrùn aṣọ tó bá fún; mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí awọ iwájú ẹyinjú bá ṣì wú látàrí iṣẹ́ abẹ, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ náà lè kà á wálẹ̀, 18 lójú tó ṣì ń rí kùrukùru lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfúnpá tún máa ń yí pa dà láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ gbìyànjú láti máa lọ ní àkókò kan náà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìfúnpá ojú nílé ò gbọ́dọ̀ fi kan ojú títí dókítà á fi sọ pé ó tó àsìkò.

Nọ́ńbà tó kéré jù náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Bó bá wà nísàlẹ̀ 6, tí ojú ń ṣomi ṣáá, tí ìríran sì ṣú, ó lè jẹ́ pé ihò abẹ ń jò. Dókítà á fi àwọ̀ kan sójú, á tan iná búlúù sí i, á sì rí ibi tí omi ti ń ṣàn jáde. Ojú tó ti ṣe trabeculectomy rí ni irú ẹ̀ tún máa ń yọ lẹ́nu jù.

Iṣẹ́ ilé àti eré ìdárayá

Rírìn, kíkàwé àti wíwo tẹlifíṣọ̀n kò ní nǹkan kan tó ń ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ẹ má tẹ̀ ba débi tí orí á fi relẹ̀ ju ìbàdí lọ, ẹ má gbé ẹrù tó bá máa mú kẹ́ ẹ di èémí mú, ẹ má fọwọ́ ra ojú. Bí ìgbẹ́ bá ń le, ẹ wá nǹkan ṣe sí i kíákíá, torí fífún ara mọ́ ọn ń gbé ìfúnpá ojú sókè. Wíwẹ̀ nínú odò tàbí adágún omi di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Dídúró fi orí balẹ̀ bí àwọn oní-yoga ṣe ń ṣe lè sọ ìfúnpá di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní glaucoma ò nílò ẹ̀ rárá, ojú ì báà ti jinná.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ìgbà yìí ni èrè iṣẹ́ abẹ lórí ìfúnpá máa ń hàn. Fún glaucoma tí igun ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, dídínkù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi 2 sí 4 mmHg, àmọ́ èrè yìí lè máa ṣá bí ọdún ti ń lọ. Fún èyí tí igun rẹ̀ há, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kátárátì lè nípọn tó 5 mm, á máa ti awọ aláwọ̀ dúdú síwájú; lẹ́ǹsì tuntun nípọn bíi 1 mm péré, igun náà á sì ráyè ṣí. Ìwádìí EAGLE tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 lórí èèyàn 419 tí igun ojú wọn há rí i pé yíyọ lẹ́ǹsì inú ojú mú kí ìfúnpá wálẹ̀ ju fífi iná lésà ṣí igun náà lọ, àwọn tí wọ́n yọ tiwọn sì lo oògùn díẹ̀.

Síbẹ̀, dókítà ló máa pinnu oògùn tó máa kúrò. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń yọ, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ àti àwòrán iṣan ẹ̀yìn ojú, torí kátárátì ti ń ṣú àwọn ti àtijọ́. Àyẹ̀wò tuntun yìí ni wọ́n á máa fi wé èyí tó ń bọ̀. Bó bá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kátárátì tó kúrò ló fà á. Ibi tí glaucoma ti jẹ kì í hù pa dà.

Bí ìríran bá tún ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, ó lè jẹ́ pé awọ tó di lẹ́ǹsì tuntun mú ló ti funfun. Iná lésà YAG ni wọ́n fi ń ṣí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Ìfúnpá lè ta gìrọ́ láàárín wákàtí 1 sí 4 lẹ́yìn náà, torí náà ẹ ní kí wọ́n kán brimonidine tàbí apraclonidine tó ń dín ìfúnpá kù, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá máa pè

A ti sọ ti ìrora tòun ti èébì. Bí ojú bá ń pọ́n sí i, tó ń dùn sí i, tí ìríran sì ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kòkòrò lè ti wọ inú ojú, ọ̀rọ̀ wákàtí sì nìyẹn. Bí iná bá ń kọ mànà níwájú ojú, tí nǹkan dúdú kéékèèké pọ̀ lójijì, tàbí tó dà bíi pé wọ́n ta aṣọ bo apá kan, awọ ẹ̀yìn ojú lè ti ń ṣí.

Ẹ má kàn sọ lórí fóònù pé “ojú ń dùn mí.” Ẹ sọ pé: “Mo ní glaucoma. Ọjọ́ báyìí ni wọ́n yọ kátárátì ojú ọ̀tún mi. Nọ́ńbà tí wọ́n kà kẹ́yìn nìyí. Oògùn tí mò ń kán nìyí, ìgbà tí mo kán an kẹ́yìn nìyí. Ìrora bẹ̀rẹ̀ ní aago báyìí, mo ti bì, mi ò ríran tó ti àárọ̀.” Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ kó gbogbo ìgò dání, ti ojú àti ti ara, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá kẹ́ ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó dé, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n á tún ní láti ṣiṣẹ́ sójú náà.